Ìjọ kékeré tí kò ní ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́: bí a ṣe lè tò ó kó má baà tú

Ẹni tó bá dàgbà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tàbí ìjọ Áńgílíkà ní Iléṣà mọ ohun tó ń di ìsìn mú. Ìwé àdúrà wà, ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ wà, àlùfáà wà, ìjókòó tí bàbá ẹni ń jókòó sí náà sì wà níbẹ̀. Àwọn tó bá pera wọn jọ láti sin Ọlọ́run gẹ́gẹ́ bí Unitarian, ìyẹn àwọn tó gbà pé ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run, kò ní púpọ̀ nínú nǹkan wọ̀nyí. A kì í béèrè ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó wọlé, ìjọ kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣàkóso ara rẹ̀. Nítorí náà, okùn mìíràn ló gbọ́dọ̀ so wá pọ̀. Ohun tí mo ti rí láti ìgbà tí àwùjọ kékeré tiwa ti ń pàdé ni pé ètò tí a fara balẹ̀ ṣe, àti mímọ ẹni tó ń jókòó lórí àga kọ̀ọ̀kan, ni okùn náà. Mo kọ èyí fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, tàbí ẹni tó ti bẹ̀rẹ̀ tó sì ń rí i pé ó ti ń tú mọ́ òun lọ́wọ́.

Iléṣà jẹ́ ìlú tí àdúrà ti máa ń dún sókè. Ní Òkè-Ọ̀yẹ níbí ni ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1930, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ń wọ́ wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwùjọ tiwa kò tíì ju ènìyàn méjìlélógún lọ rí, n kò sì ka kíkéré wa sí àbùkù. Ṣùgbọ́n kíkéré ní ìṣòro tirẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n yóò máa fi ètò ìjọ ńlá tọ́ ìjọ kékeré, bí ìgbà tí a bá gbé agbádá bàbá wọ ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìtàn tí ẹ ń bọ́ sínú rẹ̀

Unitarian ni ẹni tó gbà pé ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run, tí kò gba ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan. Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe tàná. Ní 1553, wọ́n dáná sun Michael Servetus láàyè ní ìlú Geneva, nítorí ìwé tó kọ tako Mẹ́talọ́kan. Ní 1568, ní ìlú Torda ní ilẹ̀ Transylvania, èyí tó wà ní orílẹ̀-èdè Romania lónìí, ìgbìmọ̀ aṣòfin lábẹ́ Ọba John Sigismund pàṣẹ pé kí oníwàásù máa wàásù ìyìn rere bó ṣe yé e, kí ìjọ sì lè mú oníwàásù tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn. Francis Dávid, tó jẹ́ olórí àwọn tó ń kọ́ni pé ọ̀kan ni Ọlọ́run níbẹ̀, kú sínú ẹ̀wọ̀n ní 1579 lẹ́yìn tí ọba mìíràn ti gorí ìtẹ́. Ní London, Theophilus Lindsey fi iṣẹ́ àlùfáà Áńgílíkà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìsìn Unitarian ní òpópónà Essex ní 1774. Èyí kò sì jìnnà sí wa jù, nítorí Ìjọ Ìṣọ̀kan Gbogbo Ẹ̀dá, tí í ṣe ìjọ Unitarian, ti wà ní Èkó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá.

Ẹ kọ́ ìtàn yìí sórí dáadáa. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹbí yóò bi yín ni pé, “Irú ìjọ wo tún lèyí?” Ẹni tó bá dáhùn pẹ̀lú sùúrù, tó lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò ní jẹ́ kí wọ́n rò pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni.

Ibi ìpàdé àti àkókò

Ẹ má wá ilé ńlá. Pálọ̀ tó bá lè gba ọgbọ̀n ènìyàn ti tó. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí ibẹ̀ má máa yí padà, nítorí àwùjọ tó bá ń ṣí kiri láti ilé dé ilé máa ń sọ àwọn àgbàlagbà rẹ̀ nù lójú ọ̀nà. Ẹ to àga yípo, kí olúkúlùkù lè máa rí ojú ẹnì kejì rẹ̀. Kò sí ìdí fún pẹpẹ. Tábìlì kékeré kan láàárín ti tó, kí ẹ tẹ́ aṣọ tó mọ́ sórí rẹ̀. Ẹ fi àga méjì sílẹ̀ lófo nítòsí ẹnu ọ̀nà, kí àlejò tàbí ẹni tó bá pẹ́ dé má baà la àárín àwọn tó ń gbàdúrà kọjá.

Ní ti àkókò, a kọ́kọ́ gbìyànjú aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, kò sì bọ́ sí i. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn láti apá ọ̀tún àti apá òsì kò jẹ́ kí a gbọ́ ara wa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìyá tàbí bàbá tí wọ́n gbọ́dọ̀ sìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìdílé. Nígbà tí a gbé e sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo nǹkan yí padà. Àdúgbò ti rọ̀, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà tí a kò fi nílò jẹnẹrétọ̀, ẹni tó bá sì ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lówùúrọ̀ lè wá láìbá ẹbí rẹ̀ jà. Èmi kò rò pé ó tọ́ kí a fi dandan lé e pé kí ènìyàn yan ọ̀kan nínú ilé bàbá rẹ̀ àti àwùjọ wa.

Májẹ̀mú

Níwọ̀n ìgbà tí a kò ti ní ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́, a ní májẹ̀mú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni pé ìjẹ́wọ́ ń sọ ohun tí mo gbà gbọ́, májẹ̀mú sì ń sọ bí èmi àti ìwọ yóò ṣe máa bá ara wa gbé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnì kan kọ ọ́ ní ilé rẹ̀ kó wá kà á fún àwọn tó kù. Ẹ jọ jókòó lé e lórí nígbà mẹ́ta ó kéré tán. Kí ẹni tó ń ta aṣọ ní Ọjà Atakúmọ̀sà sọ tirẹ̀, kí tíṣà sọ tirẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀wé kà sì gbọ́ ọ títí yóò fi lè sọ ọ́ láìwo ìwé. Tiwa kò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ: “A pàdé láti sin Ọlọ́run kan ṣoṣo àti láti wá òtítọ́. A kò ní fi ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. A ó máa sọ òtítọ́ fún ara wa pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Ẹni tí a kò bá rí, a ó wá a lọ.”

Gbólóhùn kẹrin yẹn kò sí níbẹ̀ nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ kan ló mú wa fi í kún un, n ó sọ ọ́ níwájú.

Ètò ìsìn

Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni ìsìn wa. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú títan iná. Iná inú ife ni àmì tí a fi ń dá Unitarian mọ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Hans Deutsch, ayàwòrán ará Austria, ló yà á ní 1941 fún ìgbìmọ̀ Unitarian kan tó ń ran àwọn tó ń sá fún ìjọba Nazi lọ́wọ́, kí àwọn ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lè ní àmì tí gbogbo ènìyàn yóò mọ̀. A kò ra ife olówó iyebíye. Àwo amọ̀ kékeré ni tiwa, a da òróró sí i, a sì lọ́ òwú sínú rẹ̀. Ẹ má lo kẹrosíìnì, nítorí òórùn rẹ̀ kì í jẹ́ kí àwọn tí àyà ń dùn jókòó pẹ́. Òwú tó bá yọ síta jù máa ń rú èéfín, nítorí náà ẹ gé e títí yóò fi kù díẹ̀ bíńtín lẹ́nu àwo. Ní àkókò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ máa ń pa á, ẹ wá gíláàsì bò ó yí ká. Ẹnì kan ni yóò tan iná náà lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì sọ gbólóhùn kan péré nípa ìdí tí òun fi wá lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kó máa yí ká, kó kan àgbà, kó kan ọmọdé.

Lẹ́yìn náà ni orin. Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ. Orin ìsìn tí a bá fi ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin òyìnbó lórí máa ń ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́. Ohùn orin a gòkè níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko a sì di ọkọ̀ tí èrò ń wọ̀. Àwa tó dàgbà pẹ̀lú orin wọ̀nyẹn ti mọ ìtumọ̀ wọn lórí, nítorí náà a kì í fura, ṣùgbọ́n àlejò tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ kì í mọ ohun tí a ń sọ. Ẹ tún wò ó pé ọ̀pọ̀ nínú orin ìwé ló parí pẹ̀lú ìyìn fún Mẹ́talọ́kan. Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ ìparí náà kúrò. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tó kọ orin mọ ohun tó ń sọ, kò sì yẹ kí a gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ mú orin mìíràn, tàbí kí ẹ dá tiyín.

Dídá orin kò le tó bí a ṣe rò. Ní òkè Khasi ní ilẹ̀ Íńdíà, Hajom Kissor Singh bẹ̀rẹ̀ ìjọ Unitarian láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 1887, ó sì kọ orin ìsìn wọn ní èdè Khasi fúnra rẹ̀. Ọ̀nà tí àwa ń gbà ṣe é nìyí: ẹ kọ́kọ́ sọ gbólóhùn náà jáde lẹ́nu, bí ẹni ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ fetí sí ibi tí ohùn ti gòkè àti ibi tó ti wálẹ̀, kí ẹ wá jẹ́ kí orin tẹ̀ lé e. Ẹ lo lílé àti gbígbè, nítorí ẹni tí kò mọ̀wé lè gbè é lójú ẹsẹ̀. Bí ẹni tó ń lé bá ní, “Ta ló dá wa?”, tí àwọn tó ń gbè sì dáhùn pé, “Olódùmarè ni,” orin ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Agogo kan àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kan ti tó nínú pálọ̀. Bí ẹ bá ní onígángan, kó jókòó sí ìpẹ̀kun yàrá, kó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni orin wà fún.

Kíkà tẹ̀ lé orin. A máa ń ka méjì, láti ibi méjì tó yàtọ̀ síra. Ẹ lè ka Deutarónómì orí 6 láti inú Bíbélì, kí ẹ tún ka súrà 112 láti inú Al-Kùránì. Súrà náà kò ju ẹsẹ mẹ́rin lọ, orí kan náà ni méjèèjì sì dúró lé, pé ọ̀kan ni Ọlọ́run. Ní ti Ifá, tó ní odù 256, tí UNESCO sì kéde ní 2005 pé ó wà lára ohun àjogúnbá tí aráyé gbọ́dọ̀ pa mọ́, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má ṣe fúnra yín ka ẹsẹ rẹ̀ láti inú ìwé bí ewì ilé ìwé. Ẹ bẹ babaláwo tó mọ̀ ọ́n kó wá kì í, kó sì ṣàlàyé rẹ̀. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí wa, àwọn tó ń lọ sí Òkè Ìtasẹ̀, ojúbọ Ifá tó wà níbẹ̀, sì wà lára ẹbí wa. Bákan náà ni kí ẹ bẹ ààfáà fún Al-Kùránì. Ẹni tó bá gba nǹkan gbọ́ ló lè fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ kó wọni lára.

Ìdákẹ́jẹ́ ló ṣòro jù fún wa. Ìjẹ̀ṣà kì í dákẹ́ nínú ìsìn, ẹni tó bá sì dákẹ́, wọ́n lè rò pé ó ń ṣàìsàn tàbí pé ó ń bínú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan péré. Ẹ lu agogo lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ jẹ́ kí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ tán, kí gbogbo ènìyàn gbọ́ èémí ara wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ tún lù ú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ sọ ọ́ di ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn tó ń bọ̀ pé àdúrà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gbàdúrà sókè lẹ́yìn rẹ̀, kó ṣe é ní ṣókí, kí olúkúlùkù sì dáhùn bó ṣe mọ̀ ọ́n: ẹni tó bá ní “àmín” kò jẹ̀bi, ẹni tó bá ní “àṣẹ” kò jẹ̀bi.

Ayọ̀ àti ìbànújẹ́ ló kàn. A máa ń gbé abọ́ omi sórí tábìlì, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ nínú igbá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sí láàárín ọ̀sẹ̀ yóò dìde, yóò mú òkúta kan, yóò jù ú sínú omi, yóò sì sọ ohun tó ń bẹ lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lè ju tirẹ̀ kó padà jókòó. Òfin kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dáhùn: kò sí ìmọ̀ràn, kò sí ìsọtẹ́lẹ̀, kò sí “mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀.” Ẹ máa tẹnu mọ́ òfin yìí, pàápàá fún àwa àgbà, nítorí ahọ́n wa yá. Mo ti rí ọkùnrin kan tí ń ta igi pákó, ẹni tí a ti mọ̀ fún ọdún kan, tó di òkúta náà mú títí ó fi gbóná lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ pé ọmọ òun kò bá òun sọ̀rọ̀ mọ́. Kò sí ẹni tó fèsì. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló kọ́kọ́ dé ṣáájú gbogbo wa.

Ìwàásù kò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, ẹnikẹ́ni tó bá ti pẹ́ oṣù mẹ́fà láàárín wa ló sì lè ṣe é, bí ó bá ti sọ kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjíròrò, níbi tí ẹnì kan kò ti gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì títí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ yóò fi sọ tirẹ̀. Ní ti owó ọrẹ, kí ènìyàn méjì tí kì í ṣe ẹbí kan náà kà á lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i, kí a sì ka ìṣirò rẹ̀ sétí ìjọ lóṣooṣù.

Ìwé orúkọ

Mo ti ní n ó sọ ìṣẹ̀lẹ̀ tó bí gbólóhùn kẹrin. Ní ọdún wa àkọ́kọ́, a kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. A rò pé níwọ̀n bí a ti kéré, a mọ ara wa. Ìyá kan wà láàárín wa tó máa ń jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé, tó sì máa ń mú ọsàn wá fún àwọn ọmọdé. A kò rí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Olúkúlùkù wa rò pé ẹlòmíràn ti lọ wò ó. Orí ibùsùn ló wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó sì ń retí wa. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó kí wa dáadáa, kò bá wa wí rárá, èyí gan-an ló sì dùn mí jù. Mo ṣì ń rántí bó ṣe ní, “Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ o.”

Láti ìgbà náà ni a ti ní ìwé orúkọ. Ẹ ra ìwé ẹlẹ́yìn líle, kí ẹ kọ orúkọ, àdúgbò àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó sún mọ́ olúkúlùkù jù, bí ó bá gbà láti fún yín. Kí ẹnì kan máa sàmì sí i ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ẹni tí a kò bá rí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ pè é lórí fóònù. Ẹni tí a kò bá rí lẹ́ẹ̀mejì, kí ènìyàn méjì lọ sí ilé rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Wọn kò gbọ́dọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo, àní bó jẹ́ búrẹ́dì lásán ni, wọn kò sì gbọ́dọ̀ béèrè ìdí tí kò fi wá. Kí wọ́n kí i, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́. Bí ó bá jẹ́ àìsàn, ẹ má sọ orúkọ àìsàn náà nínú ìsìn láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó ti pinnu láti máa lọ síbòmíràn, ẹ súre fún un, kí ẹ sì máa kí i lójú ọ̀nà.

Ìkómọ, òkú àti òdòdó

Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ẹ jẹ́ kí àgbà ìdílé fi omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó àti atare wúre gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é. Ipa ti ìjọ ni láti dìde kí ó ṣèlérí pé òun yóò ran òbí lọ́wọ́ láti tọ́ ọmọ náà nínú òtítọ́.

Òkú ni ibi tí ìjọ kékeré ti máa ń kọsẹ̀. Ìdílé ló ni òkú, ìjọ ìdílé sì lè má fẹ́ gbọ́ orúkọ wa rárá. Ẹ bẹ olúkúlùkù àgbàlagbà kó sọ ìfẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tó wà láàyè, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹbí bá kọ̀ síbẹ̀, ẹ má jà. Ẹ bẹ̀bẹ̀ fún orin kan tàbí kíkà kan ní alẹ́ àìsùn. Bí wọn kò bá gba èyí náà, ẹ lọ, ẹ jókòó sẹ́yìn, ẹ bá wọn sin òkú, kí ẹ sì ṣe ìrántí tiyín ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, kí ẹ fi àga rẹ̀ sílẹ̀ lófo.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nínú oṣù Okúdù, a máa ń ṣe ìsìn òdòdó. Norbert Čapek ló dá a sílẹ̀ ní ìlú Prague ní 1923, nítorí pé láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, àwọn kan wá láti ìjọ Kátólíìkì, àwọn mìíràn láti ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì, àkàrà àti wáìnì Oúnjẹ Olúwa kò sì so wọ́n pọ̀. Àwọn Nazi pa á ní 1942. Olúkúlùkù yóò mú òdòdó kan wá, yóò fi í sínú ìkòkò kan náà, nígbà tí ìsìn bá sì parí, yóò mú òdòdó tí ẹlòmíràn mú wá lọ sílé. Ẹ má ra òdòdó oníke. Ní ọdún kan, ọmọbìnrin kékeré kan já òdòdó ilá láti inú ọgbà ìyá rẹ̀ ní àárọ̀. Òdòdó ilá kì í ṣí ju ọjọ́ kan lọ, nígbà tó sì fi di aago mẹ́rin, ó ti ká ara rẹ̀ jọ bí aṣọ tí wọ́n fún, àwọ̀ òfeefèé rẹ̀ ti ń ṣá. Ọmọ náà fẹ́ sunkún. Bàbá tó dàgbà jù láàárín wa ló dìde tó mú un, ó sì gbé e lọ sílé nínú fìlà rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù, a máa ń jẹun pọ̀. Iyán ni, dájúdájú, nítorí Iléṣà la wà, àwọn ọkùnrin náà sì ń di ọmọ odó mú.

Bí ẹ bá ti ń lọ sí ọdún kejì tàbí ìkẹta, tí ẹ sì fẹ́ ra ilẹ̀ tàbí kí ẹ ní àkáǹtì ní báǹkì lórúkọ ìjọ, ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Corporate Affairs Commission, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ òfin ọdún 2020 tó ń darí wọn. Ẹ ó yan àwọn tí yóò dúró fún ìjọ, ẹ ó sì gbé ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn méjì. Ẹ wá lọ́yà fún un. Títí di ìgbà náà, ẹ má ṣe fi owó ìjọ sínú àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo.

Nígbà tí ìsìn bá parí, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹni tó tan iná ni kó pa á. Kí àwọn ọ̀dọ́ da omi abọ́ sí ìdí igi, kí wọ́n sì ṣa àwọn òkúta padà sínú igbá. Lẹ́yìn náà, kí ẹni méjì tàbí mẹ́ta dúró díẹ̀ sí i, kí wọ́n ṣí ìwé orúkọ, kí wọ́n ka àwọn tí kò wá, kí wọ́n sì pín in láàárín ara wọn: ìwọ lò ń gba Ìmọ̀ kọjá ní ọjọ́ Ajé, èmi ni mo ń lọ sí apá Ìsọ̀kún ní ọjọ́rú, tani yóò yà sọ́dọ̀ Màmá?